Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣájì ara rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan ń ta jẹnẹrétọ̀ tí kì í lo epo níbí ní Ọ̀fà. Bátìrì ń yí mọ́tọ̀ iná, mọ́tọ̀ ń yí alternator ọkọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná bí wọ́n bá yí i), alternator ń ṣájì bátìrì padà. Ó ní kí n lọ ra inverter tèmi sí i. Inverter wo ló máa gbé fíríìjì ṣọ́ọ̀bù mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ tètè lọ béèrè owó yín. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbàlagbà ni àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí ń gbà lọ.

Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí a ń lò nílé, kì í mú iná wá. Bátìrì ló ń fún un níná. Tirẹ̀ ni kí àwọn transistor inú rẹ̀, ìyẹn àwọn súwíìṣì kéékèèké, máa ṣí ọ̀nà fún iná yẹn, kí wọ́n máa tì í lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí yóò fi di 230 volt tí fíríìjì lè lò. Gbogbo ìṣí àti ìtì yẹn ló ń jẹ iná díẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ooru. Ìdí tí fáànù fi wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀rọ ọkùnrin yìí. Bí 100 wáàtì bá kúrò nínú bátìrì, mọ́tọ̀ tó dáa lè fi bíi 80 ṣiṣẹ́. Alternator ọkọ̀ kì í sábà dá ju 60 padà nínú 100 tó bá gbà, ó ku bíi 48. Bátìrì fúnra rẹ̀ á tún jẹ nínú ìyẹn. Fíríìjì yín kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o! Ì báà jẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tò sí i, ì báà jẹ́ irin ńlá tó ń yí, ìṣirò náà kò yí padà. Ní Jẹ́bà pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń fi omi ṣe iná, àfi kí Odò Ọya ti ẹ̀rọ kí iná tó jáde.

Ní 2014, Google ṣe ìdíje inverter kékeré oní-2 kW, mílíọ̀nù kan dọ́là ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ó kéré tán, 95 nínú 100 iná tó bá gbà ni wọ́n ní kí ó dá padà. Ilé iṣẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ló gbà á ní 2016. Àwa tí a ń ṣe ìwádìí power electronics, ìyẹn irú ẹ̀rọ tó ń yí iná padà bẹ́ẹ̀, lè fi ọ̀pọ̀ ọdún lé ìdá kan péré nínú 100. Kò sẹ́ni tó ti kọjá 100 rí, kò sì sẹ́ni tó máa kọjá rẹ̀.

Iná tí ẹ rí tó ń tàn, iná tó ti wà nínú bátìrì tẹ́lẹ̀ ni. Bátìrì ńlá oní-12 volt, 200 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà), tó kún, lè tan gílóòbù kékeré ju ọjọ́ kan lọ. Kí ó tó kú, ẹni tó gba owó yín ti lọ.

Sólà ni kí ẹ rò, torí oòrùn ń ti ìta wọlé síbẹ̀. Agbára tí fíríìjì fi ń gbéra ló ń sọ bí inverter ṣe máa tóbi tó. Iye wákàtí òru ló ń sọ ti bátìrì. Ẹ fi ti òjò oṣù kẹjọ àti eruku ọyẹ́ kún un. Mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù yín, nítorí náà ẹ mú rẹwáyà tó mọṣẹ́ wá wò ó kí ẹ tó náwó. Ẹ má sì ṣí inú inverter rárá, kódà bí ẹ bá ti pa á: capacitor inú rẹ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣì lè mú kí iná gbé yín.

Bí ọkùnrin náà bá ń jiyàn, kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ti fíríìjì yín fún ọjọ́ mẹ́ta, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ yín.