Ìdáhùn fún ẹni tí ó béèrè ìdí tí àlàáfíà Kristi kì í fi pẹ́ lọ́kàn òun

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní o ti gba Jésù láti ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, o sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oyún kejì ti bàjẹ́ lára rẹ, ayọ̀ tí o ń rí nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú kì í bá ọ dé ọjọ́ Ajé. O béèrè bí ènìyàn ṣe ń rí àlàáfíà tí kì í ṣá, o béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbànújẹ́ rẹ, o sì béèrè bí o ṣe lè fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ tí ó ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ọ. O tún fi kún un pé ọkọ rẹ ti ń wo ọ̀dọ̀ wòlíì kan tí ó ní kí ẹ wá fi owó ṣe ìdáǹdè. Àwọn tí ó ti dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní kí o gbààwẹ̀, kí o máa yin Olúwa, kí o má sì ronú mọ́. Inú bí mi bí mo ti ń kà á, nítorí pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sọ mí di ẹni tí ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó sì ń sunkún nínú balùwẹ̀.

Ṣí Ìhìn Rere Jòhánù, kí o ka orí 13 dé orí 17 ní ìjókòó kan, má ṣe já ẹsẹ kan mú bí àwọn oníwàásù ti máa ń ṣe. Àlàáfíà, ìfẹ́ àti ayọ̀ tí o ń béèrè, alẹ́ kan náà ni Jésù sọ̀rọ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àlàáfíà ní orí 14, ìfẹ́ àti ayọ̀ ní orí 15. Alẹ́ tí wọ́n mú un ni. Júdásì ti dìde kúrò nídìí oúnjẹ, ó ti wọ inú òkùnkùn lọ. Jòhánù kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ọkàn Jésù fúnra rẹ̀ dàrú ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó wí fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé kí ọkàn wọn má ṣe dàrú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé Kristi kò sí nínú ọkàn tí ó dàrú, kò ka ìwé náà dé ibi tí ó yẹ. Ní orí 16, Jésù sọ fún wọn pé wọn yóò sunkún, wọn yóò sì pohùnréré, kí ìbànújẹ́ wọn tó di ayọ̀. Kò sọ fún wọn pé wọn kò ní sunkún.

Èmi àti ọkọ mi, irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) AS ni àwa méjèèjì ní. Nígbà tí a ń ṣègbéyàwó, ìjọ wa kò béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe sọ ọ́ di dandan lónìí. Tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, èyí tí í ṣe àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, àkọ́bí wa ọkùnrin ni ó sì bọ́ sí i. Bí o kò bá tíì tọ́ ọmọ tí ó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde rí, o kò lè mọ ohun tí òru ń jẹ́. Ìrora náà yóò wọ inú eegun rẹ̀, yóò máa pe orúkọ mi, èmi yóò máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á lára, bàbá rẹ̀ yóò sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí a bá débẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò ní kí a kọ́kọ́ lọ sanwó káàdì, kí a lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá, ọmọ yóò sì máa yí gbiri lórí bẹ́ńṣì. Ọ̀kan nínú wọn sọ sí mi lójú pé mo ti kẹ́ ọmọ náà jù, pé ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Títí di òní, bí mo bá rí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì lójijì, inú mi a máa ru.

Ọmọ náà kú nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àkókò ọyẹ́, èyí tí ó máa ń le jù fún un. Ohun tí ó wá tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn ará ilé kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí àṣà wa pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń sọ pé, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, mo sì ti fi kí àwọn ẹlòmíràn rí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ orin kọ, tí ó máa ń gé èékánná fún mi, kì í ṣe omi lójú mi. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan dé láti inú ìjọ tí a ń lọ nígbà náà, ìjọ tí n kò ní dárúkọ. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún, ó ní Bíbélì kọ ẹkún fún onígbàgbọ́, ó sì ka 1 Tẹsalóníkà orí 4 ẹsẹ 13 sí mi létí. Lọ ka ẹsẹ náà. Pọ́ọ̀lù ní kí a má ṣe banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ìbànújẹ́ tí kò ní ìrètí ni ó kọ̀, kò fi òfin de omijé. Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde láìpẹ́, síbẹ̀ ó sunkún.

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́ níwájú ìjọ pé kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Mo jẹ́rìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi lágbára, mo sì padà sílé, n kò lè gbàdúrà fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run náà wà lára àwọn tí ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti wòlíì. Ìbátan ọkọ mi kan ni ó mú un wá. Ó wo ojú wa, ó ní ẹ̀mí àbíkú ni, ó ní ẹni tí ó ran ọmọ náà lọ kò jìnnà, ìyá àgbà tí kò ga púpọ̀ ni, ó sì ti jẹun nínú ilé yìí. Gbogbo wa mọ ẹni tí ó ń tọ́ka sí, nítorí ìyá ọkọ mi kúrú, ó sì wà nínú yàrá kejì, ó ń gbọ́. Owó tí ó béèrè fún òróró àti omi àdúrà ju owó tí a ná ní ilé ìwòsàn ní oṣù tí ọmọ náà kú lọ. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lórí tábìlì, tí ó kọ SS gàgàrà. Ọkùnrin náà kò wò ó. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ kò jùmọ̀ jẹun mọ́, ohun tí wòlíì sì ń pè ní ìdáǹdè nìyẹn.

Ẹni tí Ọlọ́run fi ràn mí lọ́wọ́ kò ní oyè kankan. Ìyá àgbà kan ni, nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Áńgílíkà tí ó wà ní àdúgbò wa. Ó máa ń gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá ní ọ̀sán, yóò fọ àwo, yóò sì jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje pẹ̀lú òru méje láìfọhùn, ó sì dára títí di ìgbà tí wọ́n la ẹnu. Ìyá yìí kò la tirẹ̀ lásán. Ní ọjọ́ kan, ó ka Sáàmù 88 fún mi, kò sì fi àlàyé kankan kún un. Sáàmù náà kò ní ìyìn ní ìparí bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, inú òkùnkùn ni ó parí sí. Mo béèrè bóyá inú Bíbélì ni ó wà lóòótọ́. Ó ní orin àwọn ọmọ Kórà ni, wọ́n sì ń kọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé Sáàmù tí ó jẹ́ àròyé àti ẹkún, èmi tí mo sì ti gbọ́ ìwàásù láti kékeré, n kò gbọ́ kí ẹnìkan wàásù lórí èyí rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún Ọlọ́run bí ó ti rí. Mo bínú sí i, mo bi í léèrè, mo pe orúkọ ọmọ mi níwájú rẹ̀. Àlàáfíà kò dé ní ọjọ́ kan. Mo kọ́kọ́ fura sí i nígbà tí mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé wọn, tí n kò yí ojú padà, tí mo sì ṣàdúrà fún wọn láìmọ̀. Ìbànújẹ́ náà kò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àlàáfíà bá a nínú ilé, ó sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn nǹkan tí ó kù, àdúrà òwúrọ̀, Bíbélì kíkà, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, o ti mọ ìyẹn, máa ṣe wọ́n.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí o béèrè, ka ìwé Fílípì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ “ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo” láti fi na ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́, ní orí 2 ìwé kan náà ni ó sì ti sọ pé ká ní Épáfíródítù alábàáṣiṣẹ́ òun kú nínú àìsàn rẹ̀ ni, òun ì bá ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ẹni tí ó ní kí a máa yọ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní orí 4, ó ní òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ipòkípò. Ohun tí a bá kọ́ a máa gba àkókò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé àìsàn ara ni àmì àìnígbàgbọ́, bi í léèrè ìdí tí Pọ́ọ̀lù fi fi Tírófímù, ẹni tí ó ń bá a rìnrìn àjò, sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn.

Àpẹẹrẹ tiwa náà wà. Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró (Sierra Leone) ní ọdún 1825, ṣùgbọ́n ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún mọ́kànlélógún, ó ń sin Kristi láìní ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nípa ìpàdé náà ni pé wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Lẹ́yìn tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tún fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ ní agbègbè odò Ọya (Niger) kí ó tó kú ní ọdún 1891. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ìgbàgbọ́ tòótọ́ ń mú ìbànújẹ́ kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n ka ìtàn bàbá yìí.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí pé mo bú nọ́ọ̀sì lókè yìí. Ẹ lọ bá dókítà àwọn obìnrin, ìwọ àti ọkọ rẹ, nítorí oyún tí ó bàjẹ́. Bí o kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ, tí ikú sì ń wù ọ́, sọ ìyẹn náà fún dókítà kíákíá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Aro ní Abẹ́òkúta kò wà fún àwọn tí ó ti já sí ìgboro nìkan, onígbàgbọ́ ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń padà wá sí ìdí orin wọn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìyá ọkọ rẹ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ. N kò lè sọ pé kí o fi ipá mú ara rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Tèmi, mo kàn ń gbé oúnjẹ fún un ní yàrá kejì náà nítorí pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn án láìjẹ̀bi, a kì í sì í sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan ni ó sọ fún mi pé òun náà sin àwọn ọmọ nígbà èwe òun, wọn kò jẹ́ kí òun sunkún, ó sì dárúkọ àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi kò gbọ́ àwọn orúkọ náà rí. Òkò ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn ń sọ sí ọ kò dára, o sì lè sọ fún ọkọ rẹ kí ó dá a dúró, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá náà, nígbà tí ilé bá dákẹ́, iye ọmọ tí ó bí àti iye tí ó tọ́.

Ní ti wòlíì náà, sọ fún ọkọ rẹ kí ó fi owó yẹn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Bí ìjọ tí ó wà nítòsí rẹ bá ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá, lọ síbẹ̀, jókòó sẹ́yìn, má sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi ní ohun tí o fẹ́ sọ.