Èsì: Bí gáàsì bá wọ́n, ta ló ń jèrè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní gáàsì ti di ọ̀wọ́ngógó, ṣé kí ẹ fi owó àjọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra ṣíà ilé-iṣẹ́ gáàsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.

Gáàsì ìdáná tí mò ń rọ sí sílíńdà nítòsí ọjà Atakúnmọ́sà n'Íléṣà níbí yàtọ̀ sí èyí tó ń gba inú páìpù lọ sílé-iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Lọ́jọ́ tí táńkì mi bá gbẹ, sílíńdà á tò lọ bẹẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí iye tí kílò kan lè dé nígboro tó máa ṣe mí láǹfààní.

Bó ṣe rí fún NLNG nìyẹn ní 2022, ilé-iṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di olómi ní Bonny, ìpínlẹ̀ Rivers, tó sì ń tà á sókè òkun. Ogun Ukraine ti gbé owó gáàsì lọ sókè ní Yúróòpù, àmọ́ lóṣù kẹwàá, àgbàrá dá àwọn tó ń fún un ní gáàsì dúró, NLNG sì kéde pé apá òun ò ká àdéhùn mọ́. Owó ọjà ga, igbá ṣófo.

Torí náà, ẹ béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ra ṣíà rẹ̀ ní kànga gáàsì tirẹ̀. Ju ìyẹn lọ, ta ló ń sanwó fún un? Gbèsè táwọn tó ń pèsè iná jẹ àwọn tó ń ta gáàsì ní Nàìjíríà pọ̀ gan-an. Ẹ wo Seplat, ilé-iṣẹ́ epo àti gáàsì ní Nàìjíríà: ó wà lórí ọjà ṣíà Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù láti 2014, ìwé ìṣirò rẹ̀ wà ní gbangba. Gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Owó ilé-ìwé ọmọ ńkọ́? Ẹ má fi kàn án rárá.