Orin Tó Fẹsẹ̀ Rìn Dé Ààfin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jọ wo sinimá Love Me Tonight tí wọ́n ṣe ní 1932. Aránṣọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Paris. Kò pẹ́, ọmọ ọba tí kò mọ̀ ọ́n rí ń kọ orin kan náà ní ààfin tó jìnnà réré. Bàbá wọn ní irọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ bá wa dá sí i. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bi bàbá wọn pé ìgbà wo ni wọ́n dìde lọ mu omi. Ojú wa kòrókòró ni orin yẹn ṣe rìn.

Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Maurice Chevalier, tó ṣe aránṣọ náà, dúró níwájú dígí alápá mẹ́ta, ó ń ronú ìyàwó tí yóò máa bá a ha ẹ̀yìn nígbà tó bá ń wẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ gbé orin náà sẹ́nu jáde. Awakọ̀ takisí gbà á lẹ́nu ìyẹn. Iṣẹ́ orin kíkọ sílẹ̀ ni èrò tó wọ takisí náà ń ṣe, ló bá fi bébà gbà á. Ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ṣọ́jà gbọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di orin tí wọ́n fi ń rìn nínú pápá. Jípísì kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣí kiri, gbọ́ wọn, ó fi fayolíìnì gbé e dé àgọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti àgọ́ yẹn ló ti wọ etí Jeanette MacDonald, tó ṣe ọmọ ọba, lókè ààfin. Òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn híha. Ọmọ ọba bíi tirẹ̀ ló ń retí. Ohùn ò yí padà, ọ̀rọ̀ ló yí. Richard Rodgers àti Lorenz Hart ló ni orin, Rouben Mamoulian ló darí sinimá.

Mamoulian yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i. Nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn The Jazz Singer ti 1927, kámẹ́rà di ẹlẹ́wọ̀n. Ariwo rẹ̀ ń wọ inú máìkì, ni wọ́n bá tì í mọ́ yàrá kótópó, òun àti ẹni tó ń yà á, kí ooru máa pa wọ́n níbẹ̀. Ní 1929, Mamoulian ń ṣe sinimá Applause: ìyá ń fi orin rẹ ọmọ rẹ̀ kó lè sùn, ọmọ ń rọra gbàdúrà lábẹ́ ohùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ohùn ní máìkì kan ò lè gbé méjèèjì. Ó ní kí wọ́n lo méjì, kí wọ́n wá da ohùn méjèèjì pọ̀. Ó sì ṣeé ṣe.

Tí ẹ bá tún fẹ́ wo ti aránṣọ yìí, ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ń mọ́ ní Paris. Agogo dún. Òṣìṣẹ́ gbé dígà sọlẹ̀. Ẹnì kan ń han-run. Ìgbálẹ̀ dé, òòlù àwọn tó ń kan bàtà dé, gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn bí ìlù. Èmi ti ń fi ìka lu tábìlì kí n tó mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo wo sinimá yìí kan náà, ó dà bíi pé ẹ̀dà tí wọ́n fún mi kò pé. Ṣé ẹni tó fún mi ló gé e?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Nígbà tí òfin ìwà ọmọlúàbí le sí i fún sinimá Amẹ́ríkà ní 1934, wọ́n gé e kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Ibi tí òṣèrébìnrin Myrna Loy ti ń kọ tirẹ̀ nínú orin “Mimi” wà lára ohun tó lọ. Wọ́n ní aṣọ ìwọ̀sùn tó wọ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Wọn ò tíì rí àjákù rẹ̀ di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bẹ ẹni yẹn.