Ọ̀rọ̀ tó bá "owó" mu nínú orin: ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá "owó" mu ní ìparí ìlà ègbè orin yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tó ń wá ráìmù, ọ̀rọ̀ Òyìnbó ló kó jáde. "Èkó" nìkan lẹ fúnra yín rí, ẹ sì ń béèrè bóyá "ọwọ́" náà lè wọlé. Ẹ pa ìkànnì yẹn tì. Lẹ́tà ló ń wò, kò mọ ohun tí àmì orí lẹ́tà ń ṣe lẹ́nu wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé-ẹ̀rí dẹ́rù bà yín pé Yorùbá ò ní ráìmù. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú gan-an, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ orin í kọ sínú èdè Òyìnbó. Òótọ́ ni pé oríkì, ìjálá àti ẹsẹ Ifá ò gbé ara lé ìparí ìlà. Àwítúnwí, gbólóhùn tó jọra àti ohùn tó ń ta kora ni wọ́n fi dúró. Àmọ́ fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ wa ń parí sí, fáwẹ́lì àfẹnupè kò sì ju 7 lọ, ti àránmúpè ò tó bẹ́ẹ̀. Èdè tó bá rí báyìí, ìparí tó jọra á pọ̀ nínú ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pọ̀ débi pé etí kì í kà á sí, àyàfi tí ohùn náà bá bá a lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó wá ọ̀rọ̀ kankan, ẹ fi dò re mí pe "owó": re mí. Ohùn méjì tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má mú ẹyọ kan. Ìdí ni pé mí tó bá tẹ̀ lé re máa ń dúró lókè láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mí tó bá tẹ̀ lé dò máa ń ti ìsàlẹ̀ yọ́ gòkè. Ẹ pe "owó", kẹ́ ẹ wá pe "Èkó", ẹ máa gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dò tó bá tẹ̀ lé mí ṣe máa ń yọ́ wálẹ̀, bíi ti ìparí "rédíò". Fún ẹni tó ń ka ewì, ìyàtọ̀ yẹn kéré. Fún ẹni tó ń kọrin, òun ló máa sọ bóyá orin á gba ọ̀rọ̀ náà tàbí á tì í jáde. Nítorí náà, "Èkó" tẹ́ ẹ rí yẹn, ipò kejì ló wà.

Wíwá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ò le. Ẹ to kọ́ńsónáǹtì 18 sílẹ̀, ẹ lẹ ó mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan: bó, dó, fó, gó, gbó, títí dé yó. M àti n ò ní nǹkan kan fún yín níbí. Ẹ wá fi fáwẹ́lì ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀, u kì í sì í ṣíwájú nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Tí ìparí bá jẹ́ e tàbí o, ẹ àti ọ kì í bá a gbé, a, e, i, o ló kù. Tí ìparí bá jẹ́ ẹ, ọ tàbí a, a, ẹ, i, ọ ni kẹ́ ẹ lò. Fáwẹ́lì 4 lọ́nà kọ́ńsónáǹtì 18, àpótí 72 péré lẹ ní láti yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ṣófo. Ohun tó máa jáde fún re mí: ijó, igbó, aró, oṣó, opó. Fún dò mí: Èkó, Ìwó, Ìdó, ìró, òpó. Àpótí kan tàbí méjì á gbé ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ níwájú àgbà jáde, ẹ fo ìyẹn. "Igbó" náà, ẹ ṣọ́ ọ, torí lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro kì í ṣe ibi tí ẹranko ń gbé mọ́, ilé iṣẹ́ rédíò sì lè torí ẹ̀ da orin nù.

"Olówó" kì í ṣe ráìmù fún "owó" o. Ọ̀rọ̀ kan náà ló padà wá. "Ijó" àti "jó" bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kà wọ́n sí méjì.

Orúkọ nìkan ò ní tó yín. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ọrọ̀ wà: jó, kó, yó, tó, gbó, ró, wó, bó, hó. Mo, o, a àti ẹ, re ni gbogbo wọn, torí náà "ẹ jó", "a yó", "mo tó" jẹ́ re mí gẹ́lẹ́, wọn ò sì tẹ̀ lé òfin fáwẹ́lì tí mo sọ lókè. "Ó" àti "wọ́n" jẹ́ mí, wọ́n á sọ ọ́ di mí mí. Tó bá jẹ́ orúkọ ló ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ìparí orúkọ náà máa ń gòkè, "ọmọ́ jó" là ń pè é, kódà nígbà tí a ò fi àmì sí i. "Ń" tó ń sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, mí lòun náà. Bí àpẹẹrẹ:

Gbogbo ayé ló ń sáré owó,
Ṣùgbọ́n ká yó ká tó rántí ijó.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ kọ "mo rí owó" sí ìlà kìíní, ẹ wá fẹ́ fi "kó" parí ìlà kejì. Àmọ́ "kó" ń wá ohun tí a kó, torí náà "mo sì kó o" lẹ máa sọ. O kékeré tó wà lẹ́yìn yẹn, re ni. Ìlà kìíní parí sókè, ìkejì parí sáàárín, orin ò bára mu mọ́. Lórí ìwé kò hàn, torí o ni gbogbo wọn, pàápàá fún ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tí ẹ bá dé iwájú maikirofóònù, tẹ́ ẹ ti sanwó wákàtí, kó tó hàn. Ẹni tó ń ṣètò ohùn á sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ò mọ orin í kọ, á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, á sì máa ka owó. Kì í ṣe ohùn yín ló burú, arọ́pò orúkọ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá jẹ́ mí, arọ́pò tó tẹ̀ lé e á jẹ́ re: kó o, bó o, wó o. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá jẹ́ re tàbí dò, arọ́pò á jẹ́ mí: so ó, ro ó, wò ó, lò ó, rò ó, pò ó. Ohun tó dà bí ìdíwọ́ lókè yẹn ló wá di èrè nísàlẹ̀. "So ó" àti "ro ó" jẹ́ re mí, wọ́n bá "owó" dọ́gba. "Wò ó", "lò ó", "rò ó" jẹ́ dò mí, "Èkó" ni ẹgbẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ eléyìí:

Bẹ́ ẹ bá rí owó,
Ẹ dì í, ẹ so ó.

Ẹ má tún fi "o" ìdárò tàbí ti ìkìlọ̀ sí ìparí gbogbo ìlà kẹ́ ẹ wá pè é ní ráìmù. Sílébù tó ṣíwájú "o" yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdíwọ̀n.

Èyí tó kàn yìí ò kan "owó" tààrà, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a pàdé ní orin tó ń bọ̀. Àkọtọ́ máa ń tan èèyàn lórí àránmúpè. "Iná" àti "ilá" jọra lójú, àmọ́ "iná" gba imú jáde, "ilá" ò gbà á. Ọ̀rọ̀ tó bá "iná" mu lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni "ọgbọ́n", bó tilẹ̀ jẹ́ pé á la kọ síbí, ọ́n la kọ sọ́hùn-ún. M àti n máa ń kó imú ran fáwẹ́lì tó bá tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí "inú" àti "ẹkún" fi bára mu pátápátá, tí "ọ̀nà" àti "ìtàn" náà fi bára mu. Ẹ fi etí yan ọ̀rọ̀. Àwọn ìwé orin àtijọ́ tún burú jù, torí "enia" ni wọ́n ń kọ fún "ènìyàn", "aiye" fún "ayé".

Tí ọ̀rọ̀ tó bára mu pátápátá bá tán, báyìí ni mo ṣe máa to àwọn tó sún mọ́ ọn. Fáwẹ́lì kan náà pẹ̀lú ohùn ìparí kan náà ló ṣáájú: owó, Èkó, arúgbó. Lẹ́yìn náà, ohùn méjèèjì kan náà pẹ̀lú fáwẹ́lì tó múlé gbe ara wọn: o àti ọ, o àti u, e àti ẹ. "Ọjọ́", "irọ́", "ikọ́", "ikú", "ewú" wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni fáwẹ́lì kan náà tí ohùn ò bá ara mu: owó, òwò, oko, epo. Àwọn tó ń ṣe ráàpù lè lò ó dáadáa torí ọ̀rọ̀ sísọ ni tiwọn. Ẹni tó ń kọrin, kó yàgò fún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ló gbé e ṣáájú torí pé ó jọra lórí pátákó. Orí pátákó kọ́ ni a ti ń kọrin.

Kí ẹ má bàa máa bẹ̀rẹ̀ látòkè ní gbogbo ìgbà, ẹ kó ọ̀rọ̀ yín sínú tábìlì kọ̀ǹpútà: ọ̀rọ̀, sílébù ìparí, ohùn méjì ìkẹyìn, kẹ́ ẹ fi sílébù ìparí tò ó. Tẹ́ ẹ bá wá nǹkan tí kò jáde, ẹ má rò pé kò sí níbẹ̀. "Ọ́" ò ní kóòdù ẹyọ kan bí "ó" ṣe ní, oríṣiríṣi ọ̀nà sì ni bọ́tìnnì ń gbà kọ ọ́: ọ pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí o pẹ̀lú àmì méjì. Ojú kì í rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà ń rí i. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà kọ̀ǹpútà tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà kan di ẹyọ kan, kẹ́ ẹ tó tò ó.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá yín tún ohùn ṣe ní sítúdíò pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń fa ohùn sórí orin kì í mọ Yorùbá. Tó bá gbé dò lọ sí re, "ọkọ̀ mi dé" ti di "ọkọ mi dé", gbogbo ayé á sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ọwọ́" tẹ́ ẹ béèrè: bẹ́ẹ̀ ni, ó wọlé. Re mí ni, w kan náà ni, o àti ọ nìkan ló yàtọ̀, nínú àwọn tí fáwẹ́lì wọn múlé gbe ti "owó" kò sí èyí tó dára tó o. Àmọ́ ó sún mọ́ ọn débi pé ẹni tó ń gbọ́ lè rò pé ẹ ṣi "owó" pè, pàápàá tí ìlù bá pọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó máa là á yé wọn ṣáájú ẹ̀, bíi "àtẹ́lẹwọ́" tàbí "fi ọwọ́", ẹ má dá a dá ìparí ìlà láìní ohun tó mú un dání. Nínú ègbè ìlà mẹ́rin, ẹ fi "ọwọ́" sí ìlà kìíní tàbí ìkẹta, kẹ́ ẹ fi "owó" àti "ijó" sí ìkejì àti ìkẹrin, torí ibẹ̀ ni gbogbo èrò máa bá yín gbè é.