Ẹ má pe èrò jọ: bí ìjọ ṣe lè ran àwọn ìdílé àdúgbò lọ́wọ́ lásìkò ọ̀wọ́ngógó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ nínú ìjọ wa ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lọ́dún 2023 ni oúnjẹ ti gbówó lórí, àwọn ìdílé kan ládùúgbò wa sì ń jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. A ti dá owó jọ, ó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká fi ra ìrẹsì, ká fi gbohùngbohùn pe gbogbo àdúgbò sínú ọgbà ìjọ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn mìíràn ní ọmọ ìjọ nìkan ló yẹ kó gbà á. Ẹ̀rù èrò ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìdílé ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún wọn ni pé oúnjẹ ló yẹ kó wá ẹni tí ebi ń pa lọ sílé. Kò yẹ kí ẹni tí ebi ń pa máa sáré bọ̀ lẹ́nu géètì yín.

Ará Ìbàdàn ni yín, ẹ ò ní tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú níbi ayẹyẹ ọdún tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School ní Baṣọ̀run. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn 10 kú ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Maitama, l'Ábújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó lé ní 20 èèyàn tó kú nítorí ìrẹsì ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èèyàn 31 ti kú ní Port Harcourt níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín ẹ̀bùn fún aráàlú. Oore ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ irú àwọn olóògbé bẹ́ẹ̀ pa. Àìlèmí ló sábà máa ń pa wọ́n. Èrò á há mọ́ra dé ibi tí àyà ò ti ní lè fẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn á sì kú lórí ìdúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan fẹ́ tán, torí náà ó ń tì. Bí ẹ bá ti kéde pé ẹni tó bá tètè dé ló máa rí gbà, kódà kí ẹ tò wọ́n sí ìlà, kí ẹ gba ọlọ́pàá, kí ẹ kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí ọgbà á ti kún. Ìkéde yẹn gan-an ni ewu. Ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ìwé, tó sì mọ̀ pé ìpín òun ò ní tán kí òun tó dé, kí ni yóò máa sáré sí?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹyọ ìrẹsì kan, ẹ kọ orúkọ. Kí pásítọ̀ má jókòó sí ọ́fíìsì kọ ọ́, torí àwọn tó ń wá bá pásítọ̀ ni pásítọ̀ mọ̀. Ìyá alákàrà mọ ẹni tó ti ń rà á láwìn báyìí. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ọmọ tó ń sùn lórí tábìlì láago mẹ́wàá àárọ̀. Alága ẹgbẹ́ onílé mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera àti ìmáàmù tó súnmọ́ yín pẹ̀lú. Ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má mọ ohun tí èkejì sọ. Orúkọ tó bá jáde lẹ́nu èèyàn méjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ẹni méjì ni kó lọ, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ní ìrọ̀lẹ́, láìwọ aṣọ ẹgbẹ́. Ìbéèrè ò pọ̀: ẹnu mélòó ló ń jẹun nílé yìí? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá? Ta ló ń ṣàìsàn, ta ló lóyún, ta ló ń fọ́mọ lọ́yàn? Owó ilé ńkọ́? Ẹ fojú sí àwọn tí ò ní tọrọ láé, bí i tíṣà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọn ò san owó oṣù rẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó máa ń wọ aṣọ tó mọ́ lọ sí ìsìn nígbà tó jẹ́ pé gààrí àti omi ló wà nínú ikùn rẹ̀. Irú wọn ló máa ń sọ pé "a dúpẹ́, kò sí nǹkan," tí ìkòkò ò sì tíì gorí iná láti àná.

Ta ni kó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín in? Ìjọ àkọ́kọ́ gan-an bá irú ìṣòro yìí pàdé. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn níbi ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpósítélì ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje olórúkọ rere lé iṣẹ́ náà lórí. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà, láti orí Sítéfánù títí dé Níkólásì: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kùn ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Torí náà, ẹ fi opó kan, ayálégbé kan àti ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kún ìgbìmọ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹbí ọmọ ìgbìmọ̀, kí ẹlòmíràn lọ bẹ ilé náà wò.

Ìyẹn ti dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ọmọ ìjọ nìkan ló yẹ kó gbà á. N'Íbàdàn, inú agboolé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé. Ta lẹ fẹ́ fún lójú ta? Kí ẹ má sì sọ pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ wá sí ìsìn.

Ó wá ku bóyá owó ni àbí oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá wà lọ́jà, tó jẹ́ pé owó tí wọn ó fi rà á ni kò sí, owó ni kí ẹ fún wọn. Oúnjẹ ni ká kó nígbà tí omíyalé bá gé ọ̀nà tàbí tí ọjà ò bá ná. Òṣùwọ̀n tí àwọn elétò ìrànwọ́ kárí ayé ń lò ni kálórì 2,100 fún ẹnì kan lójúmọ́. Tí a bá fi ìyẹn ṣírò rẹ̀, àpò ìrẹsì 50 kìló kan á bọ́ ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ẹ̀wà, láìsí epo. Ẹ wá wo ibi tí kóńgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé wọn dé! Ẹni tí oògùn ló ká lára, ńṣe ló máa tún ìrẹsì yẹn tà ní ọ̀pọ̀.

Bí owó yín bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, mo máa mú ìdílé 40, màá fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 12,000 náírà lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 1,440,000. 60,000 á ṣẹ́kù. Wọ́n á ní 40 kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún 300 èèyàn ní 5,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ebi á ti padà sílé gbogbo wọn. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tó ń dáná nílé náà, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá. Ẹni tí ò bá ní àkáǹtì, ẹ bá ìyá tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà ládùúgbò ṣe àdéhùn: kó máa wọn ọjà fún un títí dé iye owó rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ san án fún un lópin ọ̀sẹ̀. Ọjà ìyá náà á yá, èrò kankan ò sì ní pé jọ.

Ohun kan wà tí owó nìkan ò lè yanjú: ọmọ tí àìjẹunrekánú ti wọ̀ lára. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera kọ́ ìyá méjì nínú ìjọ bí wọ́n ṣe ń fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn bí apá òkè ọmọ ṣe tóbi tó yíká. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5 náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ gbàdúrà fún un lójú ọ̀nà. Ẹ má mú un dúró de ìsìn ìwòsàn.

Ti pé kí ẹ ya fọ́tò àwọn tó gbà á: rárá. Bí àwọn tó dáwó bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ fi ìwé ìṣirò owó hàn wọ́n, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ á jáde dandan, àwọn kan á sì wá bá yín lẹ́nu géètì. Ẹ má fún wọn ní nǹkan lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀la á mú ìlọ́po mẹ́wàá wọn wá. Ẹ má sì lé wọn. Ẹ kọ orúkọ àti ojúlé wọn, kí ẹni méjì lọ bẹ̀ wọ́n wò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. 60,000 tó ṣẹ́kù yẹn, tiwọn ni kí ẹ fi ṣe.