Ẹ má tíì sanwó ẹ̀rọ tí ẹ ò tíì fi ohun mímu yín dán wò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò, tó ń rọ ẹlẹ́rìndòdò sí i, tó tún ń dé e, pé ẹni tó ń tà á ní 6,000 ìgò ló ń ṣe ní wákàtí kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Èmi náà ra irú ẹ̀. A lọ sílé iṣẹ́ tó ṣe é, a rí bó ṣe ń sáré, inú wa dùn, a fọwọ́ sí ìwé, àṣé omi lásán ni wọ́n fi dán an wò lójú wa! Omi ò ní gáàsì tó máa mú un ru ìfófòó. Ìgbà tá a gbé e délé tá a rọ ohun mímu tiwa sí i, ṣe ló ń hó tó ń ru jáde, ìgò kan á kún, èkejì ò ní dé ọrùn, ṣúgà á ti ta sẹ́nu ìgò, ìdérí ò wá ní dì dáadáa. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń rí ìdajì iye tí wọ́n sọ. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ló là wá lójú pé ohun mímu wa ò tutù tó, torí gáàsì kì í gbé inú ohun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tá a ra chiller tó mú un wálẹ̀ sí bíi 4°C ni ara tó tù wá, owó ẹ̀ ò sì sí nínú ètò wa rárá.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà lébẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò tó tutù á máa làágùn, gọ́ọ̀mù ò sì ní mú. A ní láti fi ohun tó ń mú ìgò lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti gbẹ omi ara ẹ̀ síwájú ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì.

Nítorí náà, tí ohun mímu yín bá ní gáàsì, filler (ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò) tó ń kọ́kọ́ ti gáàsì sínú ìgò kó tó rọ ọ́ ni kẹ́ ẹ bèèrè, èyí tó kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀, ti omi àti júùsì nìyẹn. Tó bá jẹ́ júùsì gbígbóná, bíi 85°C sókè, ike lásán á ká jọ, àfi èyí tí wọ́n ṣe fún ooru.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé 6,000 yẹn, ìgò wo? Ti 500ml kọ́ ni ti lítà kan àti ààbọ̀. Kí àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn filler yá jù ú lọ díẹ̀, kí àyè ìgò sì wà láàárín wọn, torí tí lébẹ́ẹ̀lì bá já tí filler bá dúró, ìhó náà tún ń padà nìyẹn.

Ẹ fi ìgò, ìdérí àti ohun mímu yín ránṣẹ́, kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lójú yín fún 30 ìṣẹ́jú láì dúró, kẹ́ ẹ ka èyí tó dáa nìkan, kó sì wà nínú àdéhùn pé ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa san owó tó kù. Ẹ sọ fún mi bóyá tiyín ní gáàsì àti bí ìgò yín ṣe tóbi tó, màá bá yín wò ó.