Ṣé kí n gbé ẹ́ńjìnnì 200 sínú Honda CG125 mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Honda CG125 ni mò ń gùn. Ìkòyí-Ilé ni oko mi wà, òun náà ni mo sì fi ń kó kajú àti gààrí wá sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá ti di àpò méjì sẹ́yìn rẹ̀, òkè tó máa ń fi gíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ gíà kejì, nígbà mìíràn gíà kìíní. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì 200 (200cc) tòkunbọ̀ fún mi. Ó ní ibi kan náà ni bóòtì rẹ̀ ń wọ̀, pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú àárọ̀ oko. Ẹ ní gíà kẹta ni ọ̀kadà yín fi ń gun òkè yẹn tẹ́lẹ̀. Òkè náà ò ga sí i, àpò yín ò sì ju méjì lọ. A jẹ́ pé ó ti rẹ ẹ́ńjìnnì yín ni, tàbí kí nǹkan kan máa dì í lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé 200 lé ọ̀kadà tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń há, owó yín á lọ, ìdíwọ́ náà á sì wà níbi tó wà.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e dúró lórí ìdúró àárín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà, ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Tó bá yí díẹ̀ tó sì dúró gbọnyin, bíréèkì ń há tàbí ṣéènì ti le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún, ẹ fún un ní epo dáadáa ní gíà kẹta: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọ̀kadà ò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.

Tó bá ku ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ pa iná, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀ pinpin, kí ẹnì kan bá yín ta kíìkì. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì le á ti ọwọ́ yín kúrò, ẹ ò ní lè dì í mú. Tí ẹ bá rí i pé ẹ lè dì í, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kan sínú ihò náà, kí ẹ tún ta á. Tó bá wá le sí i, ríìnsì, òrùka ara písítìnnì, ló ti jẹ. Tí kò bá yàtọ̀, fáàfù, ìlẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ni kí ẹ wò. Àlàfo fáàfù CG125 jẹ́ mílímítà 0.08 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹlòmíràn á fún un pa kó má bàa máa dún, fáàfù ò sì ní lè padé mọ́, agbára á máa jò lọ. Mo ti rí ọ̀kadà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jù sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé fáàfù yìí nìkan la tún ṣe.

Tí ohun gbogbo bá pé tí ẹ ṣì ń fẹ́ agbára fún ẹrù, sípúrókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, ni mo máa fọwọ́ kàn kí n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka eyín tiyín. Ká ní iwájú jẹ́ 14, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 42: sípúrókẹ́ẹ̀tì iwájú ń yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta níbi tí táyà ti ń yí ẹ̀ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi 13 síwájú, ó di 3.23. Agbára tó ń dé táyà á fi bíi ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ẹ ó sì pàdánù bí ìwọ̀n eré kan náà ní gíà tó ga jù. Eyín kan ní iwájú tó bí mẹ́ta ní ẹ̀yìn, nítorí náà ìyípadà kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kó gààrí kò nílò eré yẹn. Àwọn ọmọ LAUTECH tó ń wá láti Under-G sọ́dọ̀ wa ló ń bèèrè òdìkejì rẹ̀, wọ́n fẹ́ fò dé Ìlọrin.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ 200, ẹni tó ń tà á ò parọ́ lórí bóòtì. Ìdílé kan náà ni CG200 táwọn ará Ṣáínà ń ṣe, bóòtì ìsàlẹ̀ wọn sì sábà máa ń bára mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ló ju èje lọ. Ihò sílíńdà CG125 fẹ̀ ní mílímítà 56.5, písítìnnì rẹ̀ sì ń rin 49.5. Ti CG200 fẹ̀ ní 63.5, písítìnnì rẹ̀ ń rin 62.2. Nítorí ìrìn tó gùn yẹn, sílíńdà rẹ̀ ga ju tiyín lọ, orí rẹ̀ á sún mọ́ abẹ́ táǹkì. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Èyí náà ni kò fi yẹ kí ẹ gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun á kàn fi bílọ́ọ̀kù 200 lé kíráǹkì yín: 63.5 lórí 49.5 kò ju bíi 157cc lọ, kò dé 200.

Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti tú u. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 200 tòkunbọ̀ wá láti ara kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Gíà irú wọn lè kúrú jù fún ọ̀kadà, àwọn kan sì ń lo omi, tí ẹ ó fi máa wá ibi tí ẹ máa so rédíétọ̀ mọ́. Èyí tí atẹ́gùn ń tù ni kí ẹ wá.

Ẹ gbà á pẹ̀lú kabúrétọ̀, CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì), kọ́ìlì àti rẹ́kítífáyà tó bá a wá. Kabúrétọ̀ PZ30 ló sábà máa ń wà lórí 200, PZ26 tàbí PZ27, tó kéré sí i, ló sábà máa ń wà lórí 125. Tí ẹ bá fi kékeré bọ́ ńlá, ebi epo lè máa pa á lókè eré, á máa gbóná, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ á sì funfun dípò kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní ti CDI, irú kan ń gba iná láti ara kọ́ìlì mágínẹ́ẹ̀tì, irú kejì ń gbà á láti ara bátìrì. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra, kò ní ta iná rárá.

Tí ẹ bá ti gbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé, ẹ fa okùn láti ẹ̀gbẹ́ sípúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn dé iwájú. Tí okùn ò bá kan méjèèjì bákan náà, ṣéènì á jẹ eyín, ọjọ́ kan á sì já bọ́ lójú títì. Tó bá la iṣẹ́ wẹ́dà lọ, ẹ tú bátìrì àti CDI kúrò kí wọ́n tó fi iná kan férémù. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan sún mọ́ ọrùn férémù, níbi tí fọ́ọ̀kì ń wọ̀ sí.

Bíréèkì ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà jà lé lórí. Láti kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí kan, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe láti dá a dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Dírọ́ọ̀mù tó wà níwájú CG125, pẹ̀lú àpò méjì lẹ́yìn, kò dá mi lójú fún irú eré bẹ́ẹ̀, pàápàá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí àwọn tírélà ń gbà. Tí ẹ ò bá ní owó láti fi dísíìkì síwájú, kí ẹ máa lo 200 yín ní eré 125.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ìwé ọ̀kadà yín. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìwé náà ò bá ọ̀kadà mu mọ́, ọlọ́pàá tàbí VIO tó bá dá yín dúró sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà wà lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n bá yín yí i padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí nọ́ńbà náà fúnra yín: tí ojú ibẹ̀ bá ti jẹ́ dídán, tàbí tí àwọn nọ́ńbà náà kò tò, wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fún yín.